Ẹ Bá Mi Fún Ọkùnrin Yẹn Lómi Mu

Ẹni tó ń kọ ìbéèrè báyọ́lọ́jì fún àwọn ọmọ yunifásítì, mo ní ẹjọ́ í bá a rò. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀, mi ò mọ ọ̀nà ilé rẹ̀, àmọ́ láti ìgbà tí ìdánwò Àjọkẹ́ ti sún mọ́lé ni kò ti jẹ́ kí n fojú kan oorun. Bó bá ń ka ìwé yìí, kó jókòó dáadáa. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni.

Àjọkẹ́ ni ọmọ mi kẹta. Ọdún kìíní ló wà, ó sì ní bí òun bá ń dá kàwé, kì í wọ òun lórí, àfi kí ẹnì kan máa bi òun léèrè kí òun máa dáhùn. Ìyá rẹ̀ ní òun ń se ọbẹ̀. Àwọn àbúrò rẹ̀ yọ́ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wá ku èmi, télọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìṣọ̀ dé, tí téèpù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Wọ́n kó past question lé mi lọ́wọ́, ìwé tí wọ́n ti ṣe ẹ̀dà ẹ̀dà rẹ̀ títí lẹ́tà rẹ̀ fi ń ṣá, ìdáhùn wà lẹ́yìn. Iṣẹ́ mi ni kí n ka ìbéèrè sókè, kí n yẹ ìdáhùn wò, kí n ní "o gbà á" tàbí "o ò gbà á". Wọn ò ní kí n dá sí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ta ni yóò ka irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tí kò ní dá sí i?

Ẹ gbọ́ èyí tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin kan tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ AS fẹ́ obìnrin kan tí tirẹ̀ náà jẹ́ AS. Irú ẹ̀jẹ̀ wo ni àwọn ọmọ wọn lè ní?

Wọ́n fẹ́ra. Ó parí. Kò sí ìyá tó figbe ta, kò sí pásítọ̀ tó ní kí wọ́n mú ìwé àyẹ̀wò wá, kò sí bàbá tó ní òun ò gbọ́ irú ẹ̀ rí. Mo sọ fún Àjọkẹ́ pé ẹni tó kọ ìbéèrè yìí kò rán aṣọ ìgbéyàwó fún ẹnikẹ́ni rí. Èmi ń rán an. Lórí ìkọ́ kan lẹ́bàá fèrèsé ìṣọ̀ mi, agbádá sányán kan wà níbẹ̀ tí mo fi ọ̀rá bò nítorí eruku. Ọwọ́ ni mo fi ṣe iṣẹ́ ọrùn rẹ̀, ojú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ sí i. Ọkọ ìyàwó tó ni ín san ìdajì owó, ó ní òun á san ìyókù lọ́jọ́ tóun bá wá gbé e. Ìwé àyẹ̀wò tó kọ́kọ́ gbà sọ pé AA lòun. Ṣọ́ọ̀ṣì ní kó lọ tún un ṣe níbòmíràn, èyí tó dé kẹ́yìn sì sọ pé AS ni. AS ni ọmọbìnrin náà. Wọ́n ti tẹ ìwé ìpè, wọ́n ti sanwó gbọ̀ngàn, àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó ti pín aṣọ ẹbí. Gbogbo rẹ̀ tú ká láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Agbádá ṣì wà níbẹ̀ di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, nítorí ọkùnrin náà ga ju gbogbo oníbàárà mi lọ, n ò tíì rí ẹni tí yóò bá mu.

"Apá ibo nínú ìbéèrè yìí ni ìyẹn wà?" mo bi Àjọkẹ́.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè mẹ́tàdínlọ́gọ́rin ló kù."

Ìdáhùn tí wọ́n kọ sẹ́yìn ìwé ni pé ìdá kan nínú mẹ́rin yóò jẹ́ AA, ìdá méjì AS, ìdá kan SS. Àwọn tó ń kọ ìbéèrè yìí kò mọ ohun tí ìdá kan nínú mẹ́rin ń dá sílẹ̀ nígboro. Oníbàárà mi kan wà tó sọ fún mi pé ọmọ àkọ́kọ́ òun ti jẹ́ SS, nítorí náà òun ti san gbèsè, mẹ́ta tó kù ti di ọ̀fẹ́. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ìdánilójú, bí ẹni pé ilé ọmọ ní ìwé àkọsílẹ̀ tí wọ́n fi ń máàkì ẹni tó ti kọjá. Ọmọ kejì dé, ẹ̀jẹ̀ kan náà ni. Ká sòótọ́, ìbéèrè keje nínú ìwé náà fi ọwọ́ kan ọ̀rọ̀ yìí gan-an: tọkọtaya AS ti bí ọmọ SS kan, kí ni ìṣeéṣe pé èyí tó ń bọ̀ yóò jẹ́ SS? Ìdáhùn: ìdá kan nínú mẹ́rin náà ni, oyún kọ̀ọ̀kan ń bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ ni, kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èyí tó ṣáájú. Ìyẹn nìkan ni mo dúpẹ́ fún. Ó yẹ kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri gbogbo ilé ìtọ́jú aláboyún, kí wọ́n fi Yorùbá kọ ọ́ gàdàgbà.

Ọ̀gbẹ́ni Mendel ló kó wọn sí ìṣirò yìí. Ajẹ́jẹ̀ẹ́ Kátólíìkì ni, ó ń gbin pea sínú ọgbà ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ní ìlú Brno láti 1856 títí dé 1863. Wọ́n ní ìdá mẹ́ta sí ẹyọ kan ló rí. Mo ní kí Àjọkẹ́ ka iye tó kà gan-an fún mi: hóró tó dán jẹ́ 5,474, èyí tó hunjọ jẹ́ 1,850. Mo mú kakulétọ̀ inú fóònù, mo pín in. 2.96! Ọkùnrin yìí ka hóró 7,324, mẹ́ta kò pé fún un, wọ́n wá ń fi ọmọ mẹ́rin péré bi èèyàn léèrè bí ẹni pé yóò tò gẹ́lẹ́. Ohun tó tún dùn mí nínú ọ̀rọ̀ Mendel ni pé ó tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde ní 1866, ẹnikẹ́ni kò bìkítà. Ó kú ní 1884. Àfi ní 1900 ni àwọn ọ̀mọ̀wé ṣẹ̀ṣẹ̀ tú u jáde, tí wọ́n ń pariwo. Ayé lo ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n kí ó tó lóye ìdáhùn náà, àmọ́ ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ ni wọ́n fún ọmọ mi.

Kí n tó lọ síbi tó dùn mí jù, ẹ jẹ́ kí n bá ìdílé ayaba kẹ́dùn. Ìwé náà ní àwòrán ìdílé kan: igun mẹ́rin ni ọkùnrin, òbìrí ni obìnrin, ẹni tí wọ́n bá kùn ní dúdú ni àìsàn náà mú. Ìdílé Ayaba Victoria ni, àìsàn náà sì ni èyí tí ẹ̀jẹ̀ fi máa ń dà tí kì í dì bọ̀rọ̀. Obìnrin ló ń gbé e kiri láìmọ̀, ọmọkùnrin ló ń pa. Leopold ọmọ rẹ̀ yọ̀ ṣubú ní 1884, ó kú. Alexei, àrólé ọba Rọ́ṣíà tí wọ́n bí ní 1904, ìyá ìyá rẹ̀ ni ọmọ Victoria, òun náà wà níbẹ̀, wọ́n ti kùn ún. Nílẹ̀ tiwa, bí warapá bá wà nínú ìdílé, àṣírí ni, alárinà tó gbówó lórí ló lè hú u jáde. Ṣùgbọ́n ayaba tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ gba Èkó ní 1861, ọmọ télọ̀ ń fi bírò kun àwọn ọmọ rẹ̀ ní dúdú lórí tábìlì oúnjẹ, ó sì ń gba máàkì mẹ́rin lórí rẹ̀. Ìyẹn ló kọ́kọ́ mú mi rẹ́rìn-ín lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹ̀ṣẹ̀ tó wúwo jù lọ́rùn ẹni tó ń kọ ìbéèrè yìí ni ìlú kan tó máa ń kó wọnú ìbéèrè rẹ̀. Orúkọ èèyàn méjì ni wọ́n fi ń pe òfin ìlú náà, Hardy àti Weinberg. Ní 1908, Hardy, onímọ̀ ìṣirò ní Cambridge, àti Weinberg, dókítà ní Jámánì, kọ òfin kan náà láìgbọ́ ọ lẹ́nu ara wọn. Ẹ gbọ́ bí ìlú náà ṣe rí. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀. Èèyàn ibẹ̀ kò lóǹkà. Jíìnì kankan kò gbọdọ̀ yí padà. Ẹ̀jẹ̀ tó o gbé wáyé kò gbọdọ̀ ní kó o pẹ́ láyé tàbí kó o bímọ ju ẹlòmíràn lọ. Paríparì rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣa ọkọ tàbí aya. Ẹni tó o bá ṣáà ti pàdé ni kó o fẹ́.

Mo gbé ìwé sílẹ̀. Ìlú wo nìyẹn? Kò sí japa níbẹ̀, ọmọ tí wọ́n ta ilẹ̀ bàbá rán lọ sí Kánádà ń bẹ nílé. Kò sí àtìpó, kò sí àna tó ti ìlú òkèèrè wá. Kò sí alárinà. Kò sí ẹ̀gbọ́n ìyá tó máa lọ jókòó sí ilé ẹlẹ́mu ní ìlú àna láti fi ọgbọ́n wádìí bóyá gbèsè wà nílẹ̀ àbí wèrè wà nínú ẹ̀jẹ̀. Kò sí ìyá tó máa ní "ará ìlú yẹn kọ́, bó bá jẹ́ ará ìlú yẹn, kó o gbé òkú mi ná." Ìyàwó mi ti gbọ́ láti ilé ìdáná. Ó yọjú, ó gbé igbákọ dání. Ó ní, "Bàbá Àjọkẹ́, ṣé èèyàn ni wọ́n ń sọ ni àbí adìyẹ?"

Àjọkẹ́ kò dá wa lóhùn. Ìbéèrè tó wà lábẹ́ òfin náà ló kọjú sí: ní ìlú kan, ọmọ 2 nínú 100 tí wọ́n bá bí ló ń jẹ́ SS, èèyàn mélòó nínú 100 ni yóò jẹ́ AS? Ó ní iye tí S fi wà láàárín ìlú, tí èèyàn bá sọ ọ́ di ìlọ́po ara rẹ̀, ló bí SS, torí ọmọ SS gbọ́dọ̀ gba ẹyọ S kan lọ́dọ̀ bàbá, ẹyọ kan lọ́dọ̀ ìyá. Nítorí náà ó wá nọ́ńbà tí ìlọ́po ara rẹ̀ jẹ́ 0.02. Ó rí 0.14. Ìyókù, 0.86, jẹ́ ti A. Ó wá fi méjì sọ 0.14 di púpọ̀, ó fi 0.86 sọ ọ́ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, méjì náà sì jẹ́ torí pé S lè ti ọ̀dọ̀ bàbá wá, ó lè ti ọ̀dọ̀ ìyá wá. 0.24. Ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. "Èèyàn 24 nínú 100."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ìlú tí kò sí, iye èèyàn tí kò sí. Àjọkẹ́ kò bá mi jiyàn, fóònù rẹ̀ ló nà sí mi. Ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ nípa Nàìjíríà ló wà lórí rẹ̀: nínú ọmọ 1,000 tí wọ́n bá bí, nǹkan bí 20 ni àìsàn SS ń mú, àwọn tó sì jẹ́ AS láàárín ìlú tó nǹkan bí 24 nínú 100.

Inú bí mi. Bó bá jẹ́ pé ó kùnà ni, mi ò bá ti fi ẹ̀rín sùn. Báwo ni ìlú tí kò ní alárinà, tí kò ní ìyá oníjà, tí kò ní ọkọ̀ òfuurufú, ṣe máa mọ iye àwa tí a ní gbogbo rẹ̀?

"Dádì," Àjọkẹ́ ní, "nígbà tí ẹ fẹ́ fẹ́ Mọ́mì, kí lẹ wò?"

"Ìwà ni mo wò."

Ẹnì kan wúkọ́ ní ilé ìdáná.

"Ẹ wo ìwà, ẹ wo ìdílé, ẹ wo ìlú. Ṣé ẹ wo ohun tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ wọn?"

Mi ò wò ó. Ta ló wò ó nígbà yẹn? Àfi bí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sálásí ṣe wá ń béèrè ìwé lẹ́nu ọdún díẹ̀ sẹ́yìn ni ojú ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là sí i. Gbogbo ìwádìí tí àwọn bàbá wa ṣe, wọ́n ṣe é sí gbèsè, sí olè, sí wèrè, sí ẹ̀tẹ̀. Ní ti ẹyọ jíìnì yìí, ńṣe ni gbogbo ìlú ń dijú fẹ́ ara wọn, gẹ́gẹ́ bí òfin àwọn ọkùnrin méjèèjì ṣe wí. Mi ò sọ fún Àjọkẹ́ pé mo gbà. Mo wá ibòmíràn gbé e gbà.

Mo ní ó dáa, òfin wọn ní ẹ̀jẹ̀ kò gbọdọ̀ pa ẹnikẹ́ni ṣáájú ọjọ́. SS ń pa ọmọ. Láyé àtijọ́ ọ̀pọ̀ wọn kì í dé ọdún márùn-ún. Bó bá jẹ́ pé S ń bá àwọn ọmọ wọ ilẹ̀ láti ọdúnmọ́dún, kí ló dé tí kò tíì tán? Inú Àjọkẹ́ dùn bí ẹni rí owó he. Ó ní ìbéèrè kọkànlélógójì nìyẹn. Ìdáhùn rẹ̀ ni ibà. Ẹni tó bá jẹ́ AS, ibà ẹ̀fọn kì í lé e débi ikú bó ṣe ń lé ọmọ AA. Dókítà kan tó ń jẹ́ Anthony Allison ló tú u fó ní 1954, láti inú iṣẹ́ tó ṣe ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà. Ẹ̀fọn ń mú AA, àìsàn ń mú SS, AS ló ń là á já lọ bímọ, ó sì ń kó A àti S méjèèjì dání lọ. Bẹ́ẹ̀ ni kò fi tán. Ìyípadà ẹyọ kan ṣoṣo ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: nínú okùn gígùn tó di ara ẹ̀jẹ̀ pupa, ìlẹ̀kẹ̀ kẹfà ni wọ́n pààrọ̀. Sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó lo 120 ọjọ́ á tẹ̀ bíi dòjé, kò ní lo oṣù kan.

Mo dákẹ́ fúngbà díẹ̀ níbẹ̀, torí mo rántí àwọn orúkọ ilé bàbá mi àgbà. Málọmọ́. Kòkúmọ́. Dúrójayé. Mélòó nínú àwọn tí wọ́n pè ní àbíkú, tí wọ́n fi abẹ kọ lára, tí wọ́n gé létí, ni ìlẹ̀kẹ̀ kẹfà yẹn kàn ń bá fínra?

Ẹ wá gbọ́ ohun tí ẹni tó kọ ìwé yìí ṣe. Ọ̀rọ̀ tó tóbi tó báyìí, tó wà nínú ara wa, ìbéèrè kan ṣoṣo ló fún un. Àfòpiná Manchester ló gbé gàárì sí! Wọ́n kọ́kọ́ rí àfòpiná dúdú níbẹ̀ ní 1848, nígbà tí èéfín ilé iṣẹ́ ti sọ èèpo igi di dúdú tí ẹyẹ kò rí èyí tó dúdú ṣà jẹ mọ́. Kí ni Kettlewell, ẹni tó lọ ṣèwádìí àfòpiná náà, ṣe nínú igbó Birmingham? Kí ni Kettlewell ṣe nínú igbó Dorset? Kí ló ṣẹlẹ̀ sí àfòpiná tó funfun? Kí ló ṣẹlẹ̀ nígbà tí èéfín lọ? Kòkòrò tí ẹnikẹ́ni nílé wa kò rí rí, ìbéèrè lé ìbéèrè. Mi ò ní kí wọ́n má bi wọ́n. Mo kàn ní, nígbà tí wọ́n bá ń pín ẹran, kí wọ́n rántí ẹni tó ni màlúù.

Ti àwọn ẹyẹ erékùṣù Galápagos tún yé mi díẹ̀. Tọkọtaya kan, Peter àti Rosemary Grant, lọ ń wọn ẹnu ẹyẹ ní erékùṣù kékeré kan níbẹ̀ láti 1973. Iṣẹ́ wíwọ̀n ni, mo bọ̀wọ̀ fún wọn. Ní 1977 òjò kọ̀, hóró kéékèèké tán, èyí tó tóbi tó sì le ló kù nílẹ̀. Ẹyẹ tí ẹnu rẹ̀ kéré kò rí i fọ́, wọ́n kú lọ rẹpẹtẹ. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn náà, ẹnu wọn nípọn ju ti àwọn tó ṣáájú ọ̀dá lọ. Àjọkẹ́ ní kí n kíyè sí i pé ẹyẹ kankan kò fi agídí fẹ ẹnu rẹ̀ lójú. Èyí tó bí ẹnu kékeré, ẹnu kékeré náà ló gbé kú. Ó ní ibẹ̀ ni gbogbo èèyàn ti máa ń pàdánù máàkì, wọ́n á kọ pé ẹyẹ "gbìyànjú".

Tí wọ́n bá tún fẹ́ fi ìyà jẹ ọmọ, wọ́n á lọ́ ìbéèrè pọ̀. Èwo nínú wọ̀nyí ni KÌ Í ṢE òótọ́ nípa ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀ bí jíìnì kò bá yí padà? A, B, C, "A àti C nìkan", "kò sí ìkankan lókè". Bí èmi bá bi oníbàárà pé èwo nínú àwọn ọrùn yìí ni kì í ṣe èyí tí ẹ kò fẹ́, á ká aṣọ rẹ̀ á lọ bá télọ̀ mìíràn, kò sì jẹ̀bi.

Àmọ́ gbogbo ìyẹn, mo lè fara dà á. Ohun tó gbé mi dé orí kíkọ ìwé yìí ni Ọkùnrin Kan.

Orí tó sọ bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́ la ti bá a pàdé. Kò ní orúkọ, kò ní ará. Ọkùnrin kan sáré nínú oòrùn fún wákàtí méjì, ó làágùn, kò mu omi: họ́mọ́ọ̀nù wo ni yóò pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀? Mo ka ìdáhùn: ADH ni, tó ń sọ fún kíndìnrín pé kó má jẹ̀ẹ́ kí omi lọ, ìtọ̀ rẹ̀ á dín, á pọ́n. Mo ní, "Ṣé wọ́n wá fún un lómi?" Àjọkẹ́ ní kí n ṣí ojú ewé tó kàn. Mo ṣí i. Ọkùnrin kan wà lórí òkun nínú ọkọ̀ tó bàjẹ́, ó mu omi òkun: kí ló dé tí òùngbẹ rẹ̀ fi le sí i? Nítorí iyọ̀ inú lítà kan omi òkun jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 35, kíndìnrín èèyàn kò sì lè tọ ìtọ̀ tó níyọ̀ tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà omi ara rẹ̀ ló máa fi ṣan iyọ̀ náà jáde. Máàkì márùn-ún. Wọn ò gbé ọkọ̀ mìíràn lọ bá a. Ojú ewé kejì, wọ́n ti gbé e gun òkè gíga níbi tí afẹ́fẹ́ kò tó, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ojú ewé kẹta, ọ̀bẹ ti gé e, ẹ̀jẹ̀ ń dà, wọ́n ní kí a ṣàlàyé ìdí tí ọkàn rẹ̀ fi ń yára lù tí awọ ara rẹ̀ sì fi tutù. Ọkùnrin yìí ń kú lọ, àwọn ń wọn ìfúnpá!

Ìwà ìkà tó wà níbẹ̀ ni pé wọ́n mọ̀ dáadáa bí omi ṣe ṣe pàtàkì tó. Ojú ewé tó ṣáájú ló sọ pé kíndìnrín méjèèjì ń sẹ́ omi tó tó lítà 180 lóòjọ́. Mo ṣírò rẹ̀: kẹ́ẹ̀gì lítà 25 méje ó lé, iṣẹ́ tí aláàárù omi kan kò ní gbà lójúmọ́ láìkọ́kọ́ dúnàádúrà. Nínú rẹ̀, nǹkan bíi lítà kan ààbọ̀ ló ń jáde, gbogbo ìyókù ni ara ń gbà padà. Eku kan tún wà ní aṣálẹ̀ Amẹ́ríkà tí kì í mumi rárá, láti inú hóró gbígbẹ tó ń jẹ ni ara rẹ̀ ti ń ṣe omi, kíndìnrín rẹ̀ sì mọ omi í ṣọ́ ju tiwa lọ. Eku ní ọ̀nà àbáyọ. Ọkùnrin Kan kò ní.

"Ṣé o ò lè kọ ọ́ sínú ìdáhùn," mo ní, "pé kí wọ́n bá òun fún un lómi mu?"

"Kò sí máàkì níbẹ̀, Dádì."

"Kí ló dé tí kò sí?"

Àjọkẹ́ ronú sí i, èyí tí kì í sábà ṣe sí ọ̀rọ̀ mi. Ó ní, "Bí wọ́n bá fún un lómi, ADH á lọ sílẹ̀. Ìbéèrè ti tán nìyẹn."

Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ tí mo bí. Kí ìbéèrè lè dúró, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gba ibẹ̀ kọjá pẹ̀lú ife omi. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìlú Hardy àti Weinberg, tí wọ́n lé alárinà kúrò kí 24 lè jáde gbọnranjandan. Bẹ́ẹ̀ náà ni tọkọtaya AS, tí kò sí télọ̀ níbi ìgbéyàwó wọn. Mo mọ̀ pé ìṣirò wọn tọ́, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí. Ohun tí mo fẹ́ kò pọ̀: kí ẹni tó ń kọ ìbéèrè wáyè, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kó fi máàkì méjì péré sílẹ̀ fún ọmọ tó bá béèrè ibi tí ará ilé ọkùnrin náà wà.

Nígbà tó jẹ́ pé kò ní ṣe é, mo ti kọ tèmi. Mo fi bírò Àjọkẹ́ kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé náà, lábẹ́ ìdáhùn tó kẹ́yìn, kí àwọn ọmọ tó máa ṣe ẹ̀dà rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀ lè bá a níbẹ̀:

Ọkùnrin kan, télọ̀, ti wà lẹ́nu iṣẹ́ láti òwúrọ̀. Ó délé ní aago méje. Wọ́n ti mú iná lọ. Ìyàwó rẹ̀ ti se ọbẹ̀ tán, ṣùgbọ́n ó ní ẹnikẹ́ni kò ní jẹun títí ọmọ yóò fi parí orí kíndìnrín. Aago mọ́kànlá ti lù.

a. Dárúkọ họ́mọ́ọ̀nù kan tó ti lọ sókè nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ àti ọ̀kan tó ti lọ sílẹ̀. Máàkì 2.

b. Iṣẹ́ wo ni ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ń ṣe lọ́wọ́? Máàkì 3.

d. Ta ni yóò bu àmàlà fún un? Máàkì 15.

Àjọkẹ́ mú un, ó jókòó tì í. Ó ní glúkágọ̀n ló ti lọ sókè, ínsúlínì ló ti lọ sílẹ̀, ẹ̀dọ̀ sì ń tú ṣúgà tó ti kó pamọ́ jáde sínú ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo yẹ̀ ẹ́ wò nínú ìwé rẹ̀, ó gba márààrún. Ó fi d sílẹ̀ láìdáhùn.